Ojú Owó Ńkọ́?

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó máa ń ka abala yìí kọ̀wé sí mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù mẹ́jọ. Òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó láti ṣírò owó gbọ̀ngàn, owó oúnjẹ àti owó ilé tí wọn yóò kó sí. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé ₦172,000 ni òun ń san lóṣooṣù fún ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ni ó yá owó náà. Obìnrin yìí kò bínú sí i. Ohun tí ó kọ sí mi nìyí: "Mo bi í pé èló ló kù tí ó jẹ, ó ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Mo ní èló ni mo béèrè, ó tún ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣé ó yẹ kí ẹ̀rù máa bà mí?"

Gbèsè tí ènìyàn jẹ nítorí ìyá rẹ̀ kì í ṣe àbùkù, n kò sì rò pé ó tó ohun tí a ń torí rẹ̀ tú ìgbéyàwó ká. Ohun tí ó kọ mí lóminú nínú ìwé náà ni pé ọkùnrin náà mọ iye oṣù, kò mọ iye owó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ṣe ń gbé ayé. A mọ ọjọ́ tí báǹkì yóò yọ owó. A mọ iye tí wọn yóò yọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi wá pé kí ni owó tí wọ́n yọ náà lọ ṣe nínú gbèsè wa, ẹnu wa yóò wọhò.

Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú èdè wa tí mo fẹ́ kí a fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò: èlé àti ojú owó. Ojú owó ni owó tí a yá gan-an. Èlé ni ohun tí a ń san nítorí pé owó olówó wà lọ́wọ́ wa. Gbogbo gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́, ì báà jẹ́ ti ilé, ti ọkọ̀, tàbí èyí tí a yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, orí àwọn méjì yìí ni ó dúró lé. Ìbéèrè tí ó sì ya ẹni tí ó ń san gbèsè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn ń sanwó ni pé: ojú owó ńkọ́? Ṣé ó ń dín kù?

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Nínú ìwé The History of the Yorubas, tí àlùfáà Samuel Johnson parí ní ọdún 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, apá kan wà tí ó ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà. Ẹni tí ó bá nílò owó, bóyá fún ìsìnkú, bóyá fún ìgbéyàwó, yóò lọ yá a lọ́wọ́ olówó. Kì í fi owó san èlé. Òun fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, ni yóò máa lọ ṣiṣẹ́ fún olówó náà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ onílé ni, ó ní ẹbí, ó sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe dúró fún èlé nìkan. Bí ó ti wù kí ó roko tó, ojú owó kò yẹ̀. Bí wọ́n bá yá ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan, tí ìwọ̀fà sì sìn fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ kan náà ni wọn yóò kó wá ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí kòkó dé, oko pẹ̀lú di ohun tí a ń fi dúró fún gbèsè. Àgbẹ̀ tí owó há lọ́wọ́ yóò fi oko kòkó rẹ̀ dógò. Ẹni tí ó yá a lówó ni yóò máa ká kòkó náà lọ́dọọdún, títí di ọjọ́ tí onígbèsè yóò rí ojú owó kó wá lódindi. Ìdílé kan lè máa wo igi tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn láti òkèèrè, kí àwọn ẹlòmíràn sì máa fi èso rẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

N kò mú ìtàn yìí wá láti fi pe ẹnikẹ́ni tí ó bá yáwó lónìí ní ìwọ̀fà. Mo mú un wá nítorí pé ìwọ̀fà mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀: ó mọ̀ pé ojú owó ṣì dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ìyẹn pamọ́ fún un. Èdè wa pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ èlé bò. Ẹ tú sọ́gundógójì palẹ̀, ẹ ó rí i pé ìṣirò ni orúkọ náà: sọ ogún di ogójì. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ní yunifásítì, èyí nìkan ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn ayánilówó máa tẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù wọn.

Mo ní kí ọ̀dọ́bìnrin náà bá mi wá ìwé àdéhùn àfẹ́sọ́nà rẹ̀. ₦2,400,000 ni ó yá, fún oṣù 24, ní èlé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ìdá 3 kò jọ ohun tí ó lè pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ìdá 3 lórí kí ni?

Ó lè jẹ́ lórí ohun tí ó ṣẹ́ kù. Ní oṣù kìn-ín-ní, ó jẹ ₦2,400,000, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦72,000. Bí ó bá san ₦100,000 kúrò lára ojú owó, ₦2,300,000 ni yóò kù, èlé oṣù kejì yóò wá jẹ́ ₦69,000. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi ₦3,000 wálẹ̀ lóṣooṣù títí èlé oṣù tí ó kẹ́yìn yóò fi jẹ́ ₦3,000 péré. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦900,000 ni.

Ó sì lè jẹ́ lórí odidi ₦2,400,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé onígbèsè kò tíì san kọ́bọ̀. ₦72,000 lọ́nà 24 jẹ́ ₦1,728,000. Ẹ fi ₦100,000 ti ojú owó kún ₦72,000 ti èlé, ẹ ó rí ₦172,000 tí ọkùnrin náà ń san lóṣooṣù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì jẹ́ ₦828,000, gbólóhùn kan náà, "ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù", ni a sì lè kọ sí iwájú àwọn méjèèjì láìpurọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń pe ti àkọ́kọ́ ní reducing balance, wọ́n ń pe ìkejì ní flat rate. Mo kọ àwọn orúkọ náà síbí nítorí pé wọ́n lè wà nínú fọ́ọ̀mù yín, ní ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà kéékèèké. Bí wọn kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ ní láti béèrè.

Ó ti san oṣù mẹ́sàn-án. Bí ó bá fẹ́ parí rẹ̀ lónìí, èló ni? Ẹni tí ó bá wo ojú owó yóò ní ₦1,500,000, nítorí pé ₦900,000 ti lọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka oṣù yóò ní ₦172,000 lọ́nà 15, ìyẹn ₦2,580,000. Ìwé àdéhùn ni yóò dájọ́. Nínú tiwọn, ní ojú ewé kẹrin, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ tètè san án tán yóò san gbogbo èlé tí ó kù pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹrin yìí ṣe pàtàkì fún àwọn méjèèjì, nítorí pé ọ̀dọ́bìnrin náà ti ń gbèrò láti kó owó tí òun ti fi pamọ́ fún ìgbéyàwó jáde, kí wọ́n fi pa gbèsè náà rẹ́ kíá. Ìfẹ́ ni ó bí èrò náà, ó sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n lórí irú àdéhùn yìí, ẹni tí ó tètè san kò jèrè kọ́bọ̀. Owó ilé wọn ni ìbá lọ. Mo dá a lábàá pé kí ọkùnrin náà kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà láti béèrè bóyá wọn yóò dín èlé tí ó kù kù bí òun bá san án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan máa ń gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí oṣù máa lọ, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan owó ilé. Gbọ̀ngàn ni mo ní kí wọ́n gé kúrú. Tí ìgbéyàwó bá wáyé ní oṣù tí wọ́n dá, oṣù méje ni yóò kù, ìyẹn ₦1,204,000. Gbèsè náà yóò bá wọn jẹun fún oṣù méje àkọ́kọ́ nínú ilé wọn, ó sì sàn kí wọ́n mọ iye tí yóò máa jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni mo ń bá jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé láti inú owó oṣù nìkan lè di arúgbó lórí ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn fún àpò National Housing Fund, èyí tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, tí Federal Mortgage Bank of Nigeria sì ń bójú tó. Ẹni tí ó bá ń dá owó náà lè yá owó ilé níbẹ̀ ní èlé ìdá 6 lọ́dún, ó sì lè fi tó ọdún 30 san án. Ní orílẹ̀-èdè tí èlé báǹkì ti ga tó báyìí, ìdá 6 lọ́dún fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ àánú. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ń yọ owó yìí lára rẹ̀ kò mọ̀ ju pé wọ́n ń yọ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá yá mílíọ̀nù 10 náírà fún ọdún 30 ní ìdá 6, nǹkan bí ₦60,000 ni ẹ ó máa san lóṣù. Nínú èyí tí ẹ san ní oṣù kìn-ín-ní, ₦50,000 yóò bá èlé lọ, ohun tí yóò kan ojú owó kò ní pé ₦10,000. Lẹ́yìn ọdún 15, nígbà tí ọmọ tí ẹ bí ní ọdún tí ẹ yá owó yóò ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nǹkan bí mílíọ̀nù 7.1 ni yóò ṣì wà lọ́rùn yín. Yóò tó ọdún 21 kí ìdajì ojú owó tó lọ. Ní ọdún 30, àpapọ̀ ohun tí ẹ san yóò jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 21.6.

Kò sí ẹ̀tàn nínú èyí. Bí èlé ṣe ń rìn lórí ohun tí ó ṣẹ́ kù nìyẹn: níbẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́ kù pọ̀, nítorí náà èlé ni ó ń jẹ jù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé níbí, ní òdìkejì ìwé ọkùnrin yẹn, ẹni tí ó tètè san ń jèrè. Bí báǹkì bá gbà pé kí ẹ san àfikún, tí ẹ sì rí ₦500,000 fi lé ojú owó ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, tí ẹ wá ń san iye tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ lóṣooṣù, nǹkan bí oṣù 45 ni yóò gé kúrò nínú 360. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn. ₦500,000 kan náà tí a bá mú wá ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò lè gé tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìṣirò kò lè sọ fún wa tán. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí ₦199 ní ọdún 2015 ti kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024. Ẹni tí ó jẹ gbèsè náírà tí iye rẹ̀ kò yí padà láti ọdún 2015, tí owó oṣù rẹ̀ sì ń gòkè, yóò ti rí i pé gbèsè náà ń fúyẹ́ lọ. Ẹni tí ó fọwọ́ sí i ní ọdún náà pé òun yóò máa san owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò òun ní pọ́n-ùn tàbí ní dọ́là láti inú owó oṣù náírà ti rí òdìkejì rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó béèrè iye owó, ó yẹ kí a béèrè irú owó. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó ń rán ọmọ lọ sí òkè òkun lónìí ń tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìka èyí sí, ìrètí pé ọmọ yóò tètè rí iṣẹ́ ní ọ̀hún ni wọ́n sì gbára lé.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn kò jẹ báǹkì, èsúsú ni àwọn ń dá. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1952, nígbà tí William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ lórí èsúsú Yorùbá, ètò ìyánilówó ni ó pè é nínú àkọlé rẹ̀, ó sì tọ̀nà. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń dá ₦50,000 lóṣù, ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ₦500,000 ti di onígbèsè ₦450,000 ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó kó gbẹ̀yìn ni ó ń yá gbogbo wọn lówó. Kò sí èlé níbẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n gbèsè oṣù mẹ́sàn-án ni. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kó, tí ó wá tún lọ yáwó níbòmíràn nítorí ó rò pé ọrùn òun mọ́, kò ṣírò dáadáa.

Àdéhùn kan tún wà tí ó gùn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, tí ọ̀pọ̀ yín sì ti wọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́: owó ìfẹ̀yìntì. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2014 ti wí, òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ yóò fi ìdá 10 kún un, gbogbo rẹ̀ yóò sì lọ sí àpò tí ó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Lórí ₦200,000, ₦36,000 lóṣù nìyẹn, nínú èyí tí ₦20,000 jẹ́ owó tí kì í ṣe láti inú owó oṣù yín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé kí ẹ jẹ́ kí òun máa fi owó náà kún owó oṣù yín lábẹ́lẹ̀ dípò kí òun dá a ń fi ọgbọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ yín ni. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí ó bá san owó oṣù láti fi owó náà ránṣẹ́. Àwọn kan ń yọ ọ́, wọn kì í sì í fi ránṣẹ́. Àkọsílẹ̀ àpò yín nìkan ni ó lè tú wọn fó, ẹ sì lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó owó náà nígbàkigbà. Láti ọdún 2022 ni àjọ PenCom tún ti là á sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá kún ojú ìwọ̀n lè mú tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà nínú àpò náà láti fi ṣe owó àkọ́san fún ilé gbígbé tí ó fẹ́ yáwó rà. Ìyẹn ni pé àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan lè gbé òmíràn ró, bí ẹni tí ó ni ín bá mọ̀ pé ó wà.

Èyí tí mo fẹ́ fi iye ọ̀rọ̀ tí ó kù sí ni ọ̀rọ̀ onídùúró, nítorí pé nínú gbogbo àdéhùn owó, òun ni a máa ń fọwọ́ sí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀rẹ́ fẹ́ yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Wọ́n ní kí ó mú ọmọ ẹgbẹ́ méjì wá. Ó na fọ́ọ̀mù sí yín nígbà oúnjẹ ọ̀sán, ó ní, "Ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i, kò le." Ẹ fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, bí kò bá san án, inú owó tí ẹ̀yin fúnra yín dá sí ẹgbẹ́ ni wọn yóò ti mú un. Ẹ kò gba kọ́bọ̀ nínú owó náà, ẹ kò mọ ohun tí ó fi ṣe, ẹ sì lè máà mọ̀ pé ó ti dẹ́kun sísan án títí di ọjọ́ tí ẹ̀yin náà fẹ́ yáwó.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: onídùúró. Ẹni tí ó dúró. Kò túmọ̀ sí ẹni tí ó jẹ́rìí pé ọmọlúàbí ni lágbájá. Ó túmọ̀ sí pé bí lágbájá bá kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó wà ní ìdúró. Nínú ìwé Johnson kan náà, a rí àwọn ológò, àwọn tí olówó máa ń rán lọ jókòó sí ilé onígbèsè, tí wọn yóò máa pariwo, tí wọn yóò máa bú wọn, títí ìtìjú yóò fi mú ẹbí wá owó náà. Mo rò pé ètò náà ti kú, àfi ìgbà tí àwọn ayánilówó orí fóònù dé, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù onígbèsè, pé olè ni. Ológò ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ tí ó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC, fi gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 pé kí gbogbo irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ àjọ náà, ẹ má ṣe gba owó rẹ̀.

Ní ti àwọn báǹkì gan-an, wọn kò nílò ológò mọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, ìlànà báǹkì àpapọ̀ fún wọn láyè láti mú ojú owó àti èlé tí ó ti gùn un nínú àpò yòówù tí onígbèsè ní ní báǹkì mìíràn tí ó wà nínú ètò náà, nítorí pé BVN kan náà ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí ó jẹ báǹkì kan, tí ó wá ń gba owó oṣù sí òmíràn, kò tíì sá lọ síbì kankan.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ó fẹ́ ṣègbéyàwó ni pé kí wọ́n fi ìwé méjì síwájú ara wọn: èyí tí wọ́n jẹ, àti èyí tí wọ́n dúró fún. Ìkejì ni ó máa ń pamọ́. Ọkùnrin yóò sọ gbogbo gbèsè rẹ̀ tán pátá, kò ní rántí pé òun ṣe onídùúró fún ẹ̀gbọ́n òun ní ọdún tí ó kọjá. Obìnrin yóò sọ iye tí ó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní sọ pé ìdajì rẹ̀ ti so mọ́ ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọn kò kà á sí gbèsè ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn, ni mo rí i tí ó ní ọgbọ́n jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò bá mú fọ́ọ̀mù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní bú u, kò ní wàásù fún un. Yóò kọ́kọ́ bi í léèrè: èló ni, fún oṣù mélòó, ojú owó ńkọ́? Bí ọmọ náà bá dáhùn gbogbo rẹ̀, tí ìdáhùn náà sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ní kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ di ọ̀la kí òun lè rí ẹni kà á fún òun. Bí kò bá lè dáhùn, yóò ṣí àpótí, yóò ka owó díẹ̀ jáde, iye tí ó mọ̀ pé òun lè pàdánù láìsun ẹkún. Yóò fi lé e lọ́wọ́. Yóò sì ní, "Gba èyí, má wulẹ̀ dá a padà. Ṣùgbọ́n gbé fọ́ọ̀mù rẹ, ọmọ mi."